Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Orúkọ Tí A Ń Fún Fáàfù Afẹ́fẹ́ Ní Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Nínú bébà yìí, a ṣe àyẹ̀wò orúkọ tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ń fún fáàfù afẹ́fẹ́, ìyẹn ohun èlò tó ń darí afẹ́fẹ́ àfúnpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Àtòjọ ọ̀rọ̀ tí àwa gan-an lọ́wọ́ sí ni a gbé yẹ̀ wò. A fi ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Jahi, ní Àbújá, dán an wò. A rí i pé orúkọ tó kàn sọ ìrísí nǹkan, tí kò sọ ohun tí nǹkan náà nílò kí ó tó lè ṣiṣẹ́, lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, ó sì lè pa á lára. A wá dábàá orúkọ mìíràn àti ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà lò wọ́n.

Ìfáàrà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2022. Ìlànà náà ni ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà sọ pé èdè abínibí wà lára ohun tó fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá ní àwọn agbègbè kan, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè. A tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Òdodo ọ̀rọ̀ ni èyí, a kò sì ní dákẹ́ láti máa sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá yí ohùn padà lọ́la, tí wọ́n ní kí a fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ wo ni a ó fi kọ́ ọ? Ǹjẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà yóò ran ọmọ lọ́wọ́, àbí wọn yóò kàn dùn létí àwa tí a ṣẹ̀dá wọn? Láti dáhùn, a mú ohun èlò kékeré kan ṣoṣo, ìyẹn fáàfù afẹ́fẹ́. Ó wà lára táyà kẹ̀kẹ́, ó wà lára bíréèkì tírélà, ó wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ike, ó sì wà ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bíi ti Ewékorò tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Ẹni tí kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé fáàfù kò tíì lè fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Àtòjọ wa àti àléébù rẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa àti àwọn akẹgbẹ́ wa jókòó, a sì ṣe àtòjọ ọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré. Nínú àtòjọ yìí, a pe fáàfù ní ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́. A pe gbogbo ètò ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ètò ẹwìrì. Nígbà tí a kà á sókè, a pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Kò sí ẹlẹ́rọ kankan láàárín wa lọ́jọ́ náà. Àléébù mẹ́ta ni a wá rí nínú iṣẹ́ yìí.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹwìrì. Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó sì fi hàn pé àwọn baba wa ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹwìrì ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ní igbá méjì tí a fi awọ bò, tí ọ̀pá sì wà lórí awọ kọ̀ọ̀kan. Bí afinná bá ti ń gbé ọ̀kan sókè ni yóò máa tẹ ìkejì. Ẹnu ẹwìrì kì í wọ inú ọ̀pá amọ̀ tó lọ sídìí iná pátápátá. Àlàfo díẹ̀ máa ń wà láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé nígbà tí awọ bá gòkè. Èyí ni pé àlàfo yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí fáàfù ìbá ṣe. Ẹwìrì bẹ́ẹ̀ kò ní fáàfù rárá! Kò sì ní táǹkì tó ń tọ́jú afẹ́fẹ́ pamọ́. Bí a bá wá fi orúkọ rẹ̀ pe ètò tó jẹ́ pé fáàfù ni ọkàn rẹ̀, ńṣe ni a fún ọmọ ní orúkọ baba tí kò bí i.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn. Ohun méjì péré ni ìlẹ̀kùn mọ̀ ọ́n ṣe: kí ó ṣí, tàbí kí ó tì. Fáàfù kan wà tó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tó ń darí ara rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń kọ 5/2 sí lára. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ iye ojú tó ní, ìkejì sọ iye ìdúró rẹ̀. Ojú 1 ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti táǹkì. Ojú 2 àti ojú 4 ń lọ sí orí àti ìdí sílíńdà tó ń ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn. Ojú 3 àti ojú 5 ni afẹ́fẹ́ tó ti parí iṣẹ́ ń gbà jáde. Nínú ìdúró kan, ọ̀nà ṣí láti 1 sí 4, afẹ́fẹ́ àtijọ́ sì ń bá 2 lọ sí 3. Nínú ìdúró kejì, 1 ń lọ sí 2, tí 4 sì ń tú sí 5. Kò sí ìgbà kankan tí ọ̀nà tì pátápátá nínú èyí. Ohun tó yí padà ni ibi tí ọ̀nà já sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti sọ fún pé ìlẹ̀kùn ni yóò máa wá ìgbà tí ó máa tì, kò sì ní rí i.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wa tó rán akẹ́kọ̀ọ́ létí láti bèèrè pé kí ni fáàfù yìí ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, àti pé kí ni yóò ṣe bí ohun tó ń fẹ́ kò bá sí mọ́.

Ohun tí a rí ní Jahi

Jahi jẹ́ abúlé àwọn Gbagyi tẹ́lẹ̀, kí ìlú Àbújá tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lónìí, ó wà nítòsí Gwarinpa, Kado àti Katampe, àwọn ilé ńláńlá sì ti yí i ká. Nígbà tí a lo ìsinmi kan níbẹ̀, a máa ń jókòó sí ìdí iṣẹ́ fọkanáísà kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, ọ̀kan jẹ́ Gbagyi, èkejì jẹ́ Hausa. Yorùbá tí wọ́n fi Hausa àti pijini lú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́.

A bi ọ̀gá yìí léèrè orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀. Fáàfù ló ń pè é. A bi í bóyá ó gbọ́ ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, èwo nínú wọn ni ẹ ń pè bẹ́ẹ̀? Mẹ́rin ló wà lára ẹ̀rọ yìí, iṣẹ́ wọn ò sì jọra." Ó wá kà wọ́n fún wa. Ọ̀kan ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ táǹkì, kì í jẹ́ kí ó padà. Ọ̀kan máa ń sọ "ṣìì" nígbà tí ẹ̀rọ bá kú, kí afẹ́fẹ́ tó há sórí písítìnì lè jáde, kí mọ́tò lè rọrùn láti tún gbéra. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ táǹkì tí wọ́n fi ń da omi nù. Ìkẹrin ni èyí tó máa ń pariwo bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù. Ìkarùn-ún, ó ní, kò sí lára ẹ̀rọ, ara táyà oníbàárà ló wà. Irú èyí ti wà láti 1893, nígbà tí ilé iṣẹ́ Schrader gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

A gbìyànjú láti sọ èkíní lórúkọ fún un. A pè é ní fáàfù àrèmabọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń lọ, kì í bọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ ikú pe ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun." Ojú tì wá. Àwa tí a ti ń kọ́ni ní èdè fún ohun tó lé ní ogún ọdún, a gbàgbé pé Yorùbá kì í rè mabọ̀ nínú àdúrà. Òun gan-an ló ní kí a pè é ní má-padà. A kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, ọ̀gá yìí máa ń sọ fún ọmọ Gbagyi pé, "Jẹ́ kó tọ̀." Ọmọ náà yóò ṣí fáàfù ìsàlẹ̀, omi yóò sì tú jáde. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ńlá ló wà nínú gbólóhùn kúkúrú yìí. Afẹ́fẹ́ tó mu omi yó ní ìwọ̀n ooru 30°C máa ń gbé omi bíi gírámù 30 nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Bí a bá fún un pọ̀ dé 7 bar lórí géèjì, mítà mẹ́jọ ti di ẹyọ kan. Gírámù 240 ti kó síbì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ náà bá tutù padà sí 30°C, gírámù 30 péré ni ó lè gbé. Gírámù 210 tó ṣẹ́ kù yóò di omi, yóò sì wá ibì kan jókòó sí. Bí a kò bá dà á nù, inú fáàfù ni yóò lọ, yóò mú un dípẹtà, yóò sì fọ ọ̀rá ara rẹ̀ dànù.

Ohun tí fáàfù ń bèèrè

Láti ibẹ̀ ni a ti lóye pé fáàfù kì í ṣiṣẹ́ lásán. Ó ní ohun tó ń bèèrè, àwọn tó ṣe é sì máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ tàbí sínú ìwé tó bá a wá. Ó ń bèèrè agbára afẹ́fẹ́ tí kò kéré jù, tí kò sì pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, 6 sí 7 bar ni wọ́n ń lò. Fáàfù kan wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti yí ìdúró padà. Bí agbára afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ ju nǹkan bíi 2 bar lọ, iná lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó má mira. Ó ń bèèrè iná tó bá a mu, 24 V ló sì wọ́pọ̀. Ó ń bèèrè afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ìlànà àgbáyé ISO 8573-1 pín ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: eruku, omi àti ọ́ìlì. Ó tún ní òfin tirẹ̀ lórí ọ́ìlì: ẹ̀rọ tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ìlì kún afẹ́fẹ́ rẹ̀, a kì í dáwọ́ dúró, nítorí ọ́ìlì náà ti fọ ọ̀rá tí wọ́n fi sínú fáàfù láti ilé dànù.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀tá fáàfù ń yí padà pẹ̀lú àsìkò. Ní àsìkò òjò, omi ni. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ni, pàápàá ní Àbújá níbi tí ọyẹ́ ti ń jà gan-an. Olùkọ́ tó bá fi èyí kọ́ni, ohun tí ọmọ ti mọ̀ láti ilé ni ó fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn wo ló ń bèèrè irú nǹkan báyìí? Orúkọ tí a fún fáàfù ti ṣí ọ̀nà sí àwòrán tí kò ní ebi, tí kò ní òùngbẹ.

Bí iná bá lọ

Ohun tó mú wa kọ bébà yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó kàwé NCE ní ẹ̀ka Tẹ́kíníkà nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Ó rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Lọ́jọ́ kan, iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ wà láàárín iṣẹ́. Páálí kan há. Ó rò pé ẹ̀rọ ti kú, ó sì na ọwọ́ sí i láti yọ ọ́. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ọ̀pá sílíńdà sì parí ìrìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìka méjì ni ó fi san owó ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ó wá kí wa, a bi í pé kí ni fáàfù. Lójú ẹsẹ̀ ló ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, láìṣìnà. Ìtumọ̀ náà péye, ó sì gba máàkì nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé fáàfù pín sí méjì nípa ohun tó ń ṣe bí iná bá lọ. Ọ̀kan ní sólẹ́nọ́ìdì kan àti sípíríǹgì kan. Bí iná bá ti lọ, sípíríǹgì yóò tì í padà sí ìdúró àkọ́kọ́. Ìkejì ní sólẹ́nọ́ìdì méjì, kò sì ní sípíríǹgì. Bí iná bá lọ, ibi tí ó wà ni yóò dúró sí. Méjèèjì ló léwu fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú páìpù, kò bá iná lọ. Kí ènìyàn tó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ pa iná, kí ó sì tú afẹ́fẹ́ jáde.

Àwọn awakọ̀ tírélà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú bíréèkì ẹ̀yìn tírélà òde òní, sípíríǹgì ni ó ń mú kí ọkọ̀ dúró nígbà tí wọ́n bá páàkì rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tú u sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ọkọ̀ yóò dì mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ ìlẹ̀kùn ronú yóò sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá tán, bíréèkì tán nìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́.

Èyí ni ìdáhùn wa sí àwọn tó ní kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ tó fi ìka méjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi èyí yangàn. Bí ó bá jẹ́ àtòjọ tiwa ni wọ́n fi kọ́ ọ, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni ìbá lọ.

Èdè-ìperí àti ìdí iṣẹ́

Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ti ṣe púpọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì, ni a fi ń kọ́ni ní gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni títí di òní. Ohun tó jẹ́ kí ìwé náà ṣe é lò ni pé àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ lórúkọ. Onímọ̀ gírámà ló sọ gírámà lórúkọ. Àwa ẹ̀yìn wọn ni a wá gbé ọgbọ́n kan náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí a kò dé rí. A mú bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, a fi bí wọ́n ṣe mọ nǹkan sílẹ̀.

Ní òdìkejì, a kò gbọdọ̀ sọ ìdí iṣẹ́ fọkanáísà di yunifásítì. Ọ̀gá ní Jahi mọ ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n a fi àwòrán fáàfù 5/2 hàn án bí wọ́n ṣe ń yà á ní ìlànà ISO 1219, kò sì lè kà á. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ lè ka nọ́ńbà àti àmì wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ìwé tó ń bá wọn wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àbá

Àkọ́kọ́, kí a fi fáàfù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-àyálò fún gbogbo ẹbí náà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ti gbà á, etí sì ti mọ̀ ọ́n.

Ìkejì, kí a fi Yorùbá sọ irú kọ̀ọ̀kan lórúkọ nípa iṣẹ́ rẹ̀: fáàfù má-padà, fáàfù agbẹ̀mílà fún èyí tó ń pariwo bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, kí ọmọ iṣẹ́ lè mọ̀ pé ẹni tó bá dì í pa, ẹ̀mí ló ń fi ṣeré, fáàfù apínnà fún èyí tó ń yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà. Apínnà ojú-márùn-ún ìdúró-méjì ni 5/2. Èyí tó ní sípíríǹgì, a pè é ní apínnà a-padà-sílé. Èyí tí kò ní, apínnà a-dúró-síbẹ̀. Àwọn orúkọ méjì ìkẹ́yìn yìí dáhùn ìbéèrè "bí iná bá lọ ńkọ́?" kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bèèrè.

Ìkẹta, kí olùkọ́ máa kọ orúkọ Yorùbá, nọ́ńbà àti àmì ISO sójú pátákó pọ̀. Kí ọmọ lè sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó sì lè kà á lára ẹ̀rọ.

Ìkẹrin, kí ẹ̀ka èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa má ṣe gbé àtòjọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan jáde mọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀ka Tẹ́kíníkà àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan, ó kéré tán, ti jókòó tì wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, a ti fa igi sí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti ètò ẹwìrì nínú àtòjọ tí a ṣe.

Ìgúnlẹ̀

Ìjà lórí èdè abínibí kò tíì parí, a sì gbà pé àwa ni ẹ̀tọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní èdè òun lè gbé ìmọ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ti gbé e rí. Ní Jahi, Yorùbá ń gbé ìmọ̀ lójoojúmọ́ lábẹ́ igi, láti ẹnu ọmọ Yorùbá sí etí ọmọ Gbagyi àti ọmọ Hausa, kò sì sí ìjọba tó lè fagi lé ìyẹn. Iṣẹ́ tó kù fún àwa olùkọ́ ni kí a lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí a wo ilé dáadáa kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ń kọ́ àwọn tuntun báyìí, ó sì ní ohun àkọ́kọ́ tí òun ń bi wọ́n ni pé: bí iná bá lọ, fáàfù yìí ń padà sílé ni, àbí ó ń dúró síbẹ̀?